Níbo ni dúdú yẹn ti wá? Lórí ọmọ ológbò tí wọ́n pa ládùúgbò wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, látìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mi ò sì kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí wọ egungun láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ síta kò ní jẹ́ n sùn.

Ológbò mi bímọ. Ológbò abilà ni, irú èyí tó wọ́pọ̀ nílé gbogbo wa yẹn, aláwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀ tí ìlà dúdú wá ń lọ gbọọrọ lára ẹ̀. Torí èkúté ni mo ṣe ń sìn ín, ìyàwó mi ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ológbò bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Ọmọ mẹ́rin ló bí, mẹ́ta jẹ́ abilà bíi tiẹ̀, ìkẹrin wá dúdú bíi kóró iṣin, kò sí funfun kankan lára ẹ̀, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Báwọn èèyàn ṣe rí i báyìí ni ariwo ta. Ìyá ẹ̀ abilà, akọ kan ṣoṣo tó wà nínú àgbàlá wa náà abilà, "níbo ni dúdú yẹn ti wá?" Ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́, wọn ò sì dúró gbọ́ ìdáhùn torí pé wọ́n ti ní ìdáhùn tiwọn lọ́wọ́, wọ́n ní ará ayé ló gbà á wọlé wá. Ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, mo bá a lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lókùúta pa, ìyá ẹ̀ dúró tì í, ó ń fi ahọ́n lá a.

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìbéèrè yẹn, mo fẹ́ dáhùn ẹ̀, torí pé ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Ọdún 28 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì, ó sì ń dùn mí pé àwọn tá a jọ ń gbé ni mi ò rántí kọ́.

Dúdú tó wà lára ológbò, lára adìẹ, lára ewúrẹ́, lára èmi àti ẹ̀yin náà, nǹkan kan náà ni, mẹ́lánìn lorúkọ ẹ̀. Ara ló ń ṣe é fúnra ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn àwọn nǹkan bíńtín tó para pọ̀ di ara, wà nínú awọ àti ní ìdí irun lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa po àwọ̀ bí àwọn ìyá aláró ṣe ń po aró níbí l'Óṣogbo, tí wọ́n bá sì ti pò ó tán wọ́n á gbé e fún irun bó ṣe ń hù bọ̀, ìyẹn ni pé inú ni irun ti ń kó àwọ̀ ẹ̀ jáde, kì í ṣe ìta ni wọ́n ti ń kùn ún. Táírósìn ni wọ́n fi ń pò ó, nǹkan tí ara ń rí látinú oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, tó ń jẹ́ táírósínéèsì ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ohun tó jọ ọ́, ẹ bó iṣu kẹ́ ẹ má tètè sọ ọ́ sómi, kò ní pẹ́ tára ẹ̀ á fi máa dúdú. Ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ìbátan táírósínéèsì yìí ló ń ṣe é, ohun tó sì ń dà nígbẹ̀yìn, irú mẹ́lánìn kan ni òun náà. Ìyá tó ń gúnyán láràárọ̀ ti ń rí i láti kékeré ẹ̀, a kàn ò sọ fún un pé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣu yẹn bá ọ̀rọ̀ awọ ara ẹ̀ tan ni.

Oríṣi méjì wá ni mẹ́lánìn tó ń wọ irun. Ọ̀kan dúdú, ó lè jẹ́ búráùn náà, yúmẹ́lánìn ni wọ́n ń pè é. Ìkejì pupa rúsúrúsú bí osùn tí wọ́n fi omi là, fíómẹ́lánìn nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń po méjèèjì, bí ìgbà tí ìyá aláró kan bá gbé ìkòkò aró sọ́tùn-ún tó gbé ìkòkò osùn sósì, èyí tó máa ki ọwọ́ bọ̀ báyìí, ó dọwọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Lára sẹ́ẹ̀lì yẹn, ibì kan wà tó dà bí ẹnu ọ̀nà, MC1R ni wọ́n ń pè é. Tí họ́mọ̀nù kan, ìyẹn ohun tí ara fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì, bá wá kan ilẹ̀kùn yẹn, dúdú ló máa pò. Tí nǹkan míì tí wọ́n ń pè ní agouti bá sáré dé tó jókòó dí ẹnu ọ̀nà, á pa dúdú tì, á bọ́ sórí pupa. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mú irun kan tó re sílẹ̀ lára ológbò abilà, ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé irun kan ṣoṣo yẹn kì í ṣe àwọ̀ kan, dúdú wà níbẹ̀, pupa wà láàárín, dúdú tún wà. Irun ń hù, agouti ń wá ó ń lọ, àwọ̀ ń yí pa dà. Ọ̀yà náà nìyẹn o, ẹ wo ara ẹ̀ lọ́jà, ẹ ò ní lè sọ pé dúdú ni, ẹ ò ní lè sọ pé pupa ni, àwọ̀ méjì ló dà pọ̀ lára irun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fi máa ń bá koríko gbígbẹ mu débi pé ọdẹ lè dúró tì í kó má rí i.

Ibi tí dúdú ti wá wá rèé. Jíìnì ni ìtọ́ni tí wọ́n kọ bí ìwé sínú sẹ́ẹ̀lì, tí ọmọ ń jogún. Èyí tó ń ṣe agouti yìí, méjì méjì la ní in, ọmọ gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ó gba ìkejì lọ́dọ̀ bàbá. Tí ọ̀kan péré nínú méjèèjì bá ṣì dáa, ó ti tó, abilà lọmọ náà máa jẹ́. Ológbò wà tó jẹ́ pé ọ̀kan dáa, ìkejì ti bàjẹ́, ara ẹ̀ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, abilà bíi ti gbogbo ayé lẹ máa rí. Tí irú abo bẹ́ẹ̀ bá wá pàdé irú akọ bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní tó wà pé á jogún èyí tó bàjẹ́ látọ̀dọ̀ ìyá, á tún jogún èyí tó bàjẹ́ látọ̀dọ̀ bàbá. Kò sẹ́ni tó máa jókòó dí ẹnu ọ̀nà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́, dúdú ló máa jẹ́ láti ìdí irun dé ṣónṣó ẹ̀. Lọ́dún 2003 ni Eduardo Eizirik àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà gbé e jáde pé ohun tó bàjẹ́ nínú jíìnì yẹn ò ju lẹ́tà 2 tó já bọ́ lọ, nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ológbò. Lẹ́tà méjì. Torí lẹ́tà méjì ni wọ́n ṣe ki òkúta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé mi.

Nítorí náà, ẹni tó ń bi mí pé níbo ni dúdú yẹn ti wá, inú ìyá ẹ̀ ló ti wá, inú bàbá ẹ̀ náà ló ti wá, ó ti wà nínú àgbàlá wa kí ọmọ yẹn tó dé, bóyá ìyá-ìyá ẹ̀ ló gbé e wá. Àwa náà la máa ń sọ pé inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde, ẹ jẹ́ kí dúdú náà ráyè jáde látinú abilà.

Nǹkan kan wà tí mo rí kí wọ́n tó pa á. Mo gbé e sórí itan lójú oòrùn àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá rí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá tún àdìrẹ pa láró tí àrà tó wà lára ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán ṣùgbọ́n tí kò pa rẹ́. Ìlà ò lọ. Abilà ló ṣì jẹ́ nísàlẹ̀ dúdú yẹn, bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù gẹ́lẹ́. Ẹkùn dúdú tí wọ́n máa ń fi hàn wá nínú fíìmù náà bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹranko ọ̀tọ̀, ẹkùn ni, ẹkùn ló bí i, tí oòrùn bá tàn sí i dáadáa ẹ máa rí àmì tótòtó lára ẹ̀, jíìnì agouti kan náà ló sì kàn, àmọ́ ibi tí tiẹ̀ ti bàjẹ́ yàtọ̀ sí ti ológbò ilé. Lọ́dún 2019 àwọn olùwádìí gbé fọ́tò ọ̀kan jáde láti agbègbè Laikipia ní Kẹ́ńyà, gbogbo ayé ń pariwo. Apá gúúsù ilẹ̀ Málésíà lọ́hùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹkùn tó wà nínú igbó wọn ló dúdú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé igbó odindi orílẹ̀-èdè kún fún àjẹ́ torí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ àwọn ológbò yòókù náà torí wọ́n dùn ún sọ. Ológbò pupa bí epo tẹ́ ẹ máa ń rí, tiẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti pa ìkòkò aró tì pátápátá, osùn nìkan ló ń pò. Jíìnì tó ń ṣèyẹn wà lórí kúrómósóòmù X, ọ̀kan lára àwọn okùn bíńtín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì tò sí, abo ní X méjì, akọ ní ẹyọ kan pẹ̀lú òmíràn tó ń jẹ́ Y. Akọ wá di pé ó pupa tàbí kó má pupa, kò sí àárín. Abo ní tiẹ̀ lè gba X pupa lápá kan kó gba X dúdú lápá kejì, nígbà tó sì ṣì wà ní kékeré bíńtín nínú ìyá ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á yan ọ̀kan nínú méjèèjì, á pa ìkejì mọ́, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì náà á sì máa tẹ̀ lé ohun tó yàn. Bí abala kan ṣe dúdú tí abala kejì pupa nìyẹn, tí funfun bá sì tún wọ̀ ọ́ ó di aláwọ̀ mẹ́ta. Ìyá ìyàwó mi ní ọ̀kan, màmá yìí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun ò rí akọ aláwọ̀ mẹ́ta rí láyé òun, òótọ́ ló sì sọ, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àfi tí akọ bá ṣèèṣì ní X méjì pẹ̀lú Y, irú ẹ̀ kì í sì í sábà lè bímọ. Mary Lyon ará Ìlú Ọba ló tú àṣírí X tó ń pa mọ́ yìí lọ́dún 1961, ara èkúté ló ti rí i. Ṣùgbọ́n jíìnì pupa yẹn fúnra ẹ̀, ọdún 2025 ni ikọ̀ méjì, ọ̀kan ní Jàpáánù, ọ̀kan l'Ámẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ibi tó wà jáde, ARHGAP36 lorúkọ ẹ̀. Màmá ti mọ̀ tiẹ̀ tipẹ́, ojú ló fi ṣọ́ ọ.

Funfun ní tiẹ̀, àìsí ni. Nígbà tí ọmọ bá ṣì wà nínú oyún, apá ẹ̀yìn làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń po àwọ̀ ti máa ń gbéra, wọ́n á máa rìn lọ sí gbogbo ara, ibi tí wọn ò bá dé á funfun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ikùn àti ọmọ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń funfun. Wọ́n tún ń lọ sínú etí o. Ológbò funfun báláú tí ojú ẹ̀ wá jẹ́ búlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í gbọ́ràn, torí pé inú etí lọ́hùn-ún nílò àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kó tó lè ṣiṣẹ́. Ológbò ilẹ̀ Táílàńdì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Siamese, táírósínéèsì tiẹ̀ kì í fẹ́ ooru, inú òtútù ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tára ẹ̀ bá ti móoru á funfun, imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù tí òtútù ń mú á dúdú, tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ara ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán torí pé inú ìyá móoru.

Ibi táírósínéèsì ò bá wá ṣiṣẹ́ rárá, àfín nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹranko, ì báà jẹ́ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèèyàn ní oríṣi míì tó jẹ́ jíìnì ọ̀tọ̀ ló fà á. Mo ní ọmọ àfín kan ní kíláàsì mi láyé ìgbà kan, ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ pé. Wọ́n fi í sẹ́yìn kíláàsì, kò ríran rí bọ́ọ̀dù, àwọn tíṣà ń nà án pé kì í kọ nóòtì, kó tó délẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ó ti gbà pé olódo lòun. Mẹ́lánìn yìí kan náà ló yẹ kó wà lẹ́yìn ẹyinjú kí ojú tó lè dàgbà bó ṣe yẹ, tí kò bá sí níbẹ̀, gíláàsì ò lè tún un ṣe tán. Mo gbé e wá síwájú, mo ń fi ìwé ńlá kọ nǹkan fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, kì í ṣe orí ológbò nìkan ló mọ o. Ẹni tí a bá ń sọ pé àwọ̀ ẹ̀ ò mọ́, torí àwọ̀ yẹn náà la ṣe ń fìyà jẹ ẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé mẹ́lánìn ló ṣe gbogbo àwọ̀ tó wà láyé ni. Rárá o. A máa ń sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, tí mo bá wá gbé e yẹ̀ wò bíi tíṣà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí bákan náà. Búlúù tó wà lára agbe, kò sí aró nínú ìyẹ́ ẹ̀, bí ìyẹ́ yẹn ṣe rí nínú ló ń da ìmọ́lẹ̀ búlúù pa dà sójú wa, mẹ́lánìn kàn wà nísàlẹ̀ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ yòókù mì kí búlúù lè yọ. Pupa tó wà nínú ìyẹ́ apá àlùkò ní tiẹ̀, turacin ni wọ́n ń pè é, bàbà ló wà nínú ẹ̀, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná yẹn gan-an. Lékeléke ò ní àwọ̀ kankan nínú ìyẹ́ funfun ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló kàn ń tú ká lára ẹ̀. Ẹyẹ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta, àwọn tó kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ní ojú.

Dúdú tún wúlò. Ìyẹ́ tí mẹ́lánìn wà nínú ẹ̀ le ju funfun lọ, kì í tètè gé, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun tó funfun fi ní dúdú ní ṣónṣó ìyẹ́ tí atẹ́gùn ń lù jù. Ní ìlú Manchester, l'Ẹ́ńgíláǹdì, àfòpiná kan wà tó jẹ́ funfun oníkókó dúdú, lọ́dún 1848 ni wọ́n rí èyí tó dúdú pátá níbẹ̀, èéfín fákítírì ti mú kí ara igi dúdú nígbà yẹn, ẹyẹ ń rí funfun lókèèrè ó ń ṣà á jẹ, nígbà tó fi máa di 1895, nǹkan bíi 98 nínú 100 ló dúdú. Wọ́n ṣòfin èéfín lọ́dún 1956, ara igi mọ́ pa dà, funfun ń pọ̀ sí i, dúdú ń dín kù títí ó fi wá ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin Olóòtú, ohun tí mo ń tọrọ ò pọ̀. Ẹ bá wa fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ní Yorùbá, torí àwọn tó ń sọ òkúta yẹn ò ní lọ ka ìwé báyọ́lọ́jì elédè Gẹ̀ẹ́sì láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka tiyín, mo ń rí i lọ́wọ́ wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù lára ológbò àti ajá ni dìgbòlugi, ìyẹn kì í wo àwọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún un lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, mo ti gún ìyá wọn, tí àwọn ọmọ bá tó oṣù mẹ́ta màá gún àwọn náà.

Mo mọ̀ pé abo yìí máa tún bí. Tó bá sì jẹ́ pé akọ yẹn náà ló gùn ún, a lè tún rí dúdú. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé inú yàrá wa ló máa bí sí lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti gbà, ó ti gbé páálí kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti tẹ́ ìró àtijọ́ sínú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.